Àsọtẹ́lẹ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti èsì rẹ̀: báwo la ṣe ń mọ èyí tó ṣẹ?

Láti ìparí ọdún 1962 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, Cassius Clay, tí ayé padà mọ̀ sí Muhammad Ali, ti sọ ọ́ dàṣà láti máa kéde ráúǹdì tí alátakò rẹ̀ máa ṣubú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́rin nínú wọn. Ó ní Archie Moore ò ní kọjá ráúǹdì 4, ráúǹdì 4 náà ni ìjà parí sí. Ó ní ráúǹdì 6 ni Doug Jones máa lọ, nígbà tó yá ó ní 4. Ìjà ọ̀hún rin ráúǹdì 10 tán pátápátá, àwọn adájọ́ ló dá Clay láre. Ó ní ráúǹdì 5 fún Henry Cooper. Ẹ̀gbẹ́ ojú Cooper ya, ẹ̀jẹ̀ ò dá, rẹfirí dá ìjà dúró ní ráúǹdì 5. Ó ní ráúǹdì 8 fún Sonny Liston. Liston parí ráúǹdì 6, ó jókòó sí igun rẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Mélòó ló ṣẹ nínú mẹ́rin? Ẹni tó bá ń ka ẹni tó borí nìkan á ní mẹ́rin nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá ń wo ọ̀nà tí ìjà gbà parí, ìyẹn pé kó parí kí agogo ìkẹyìn tó lù, á ní mẹ́ta. Ẹni tó bá ń wo ráúǹdì gan-an á ní méjì péré. Ọkùnrin kan náà, ìjà mẹ́rin kan náà, ìdáhùn mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn tí ìjà gan-an ti parí nìyẹn: wọn ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n ń kà.

Ẹ tún wo ti Cooper dáadáa. Bí ráúǹdì 4 ṣe ń lọ sópin, Cooper fi ọwọ́ òsì kan Clay, Clay ṣubú, agogo ló sì gbà á sílẹ̀. Ráúǹdì kan péré lẹ́yìn náà ni àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ láìkù síbì kan. Àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣẹ délẹ̀délẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù. Nítorí náà, pé nǹkan ṣẹ ò túmọ̀ sí pé ó dájú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. (Clay tún ní àǹfààní kan tí ẹni tó jókòó sílé wo ìjà ò ní: òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú ríìngì, ó lè yára, ó sì lè fa ìjà gùn. Àsọtẹ́lẹ̀ akànṣẹ́ nípa ìjà tara rẹ̀, ìkéde ni, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù.)

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀

Ta ló máa borí? Báwo ló ṣe máa borí? Nígbà wo? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ká máa ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ìnira wọn ò dọ́gba.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló rọrùn jù. Ẹni tí kò mọ ẹ̀ṣẹ́ rárá, tó kàn ń sọ owó ẹyọ sókè kó tó mú ẹnì kan, á gba nǹkan bí ìdajì. Èyí tó tẹ̀ lé e gba kéèyàn mọ irú ìjà tí àwọn méjèèjì ń jà: ta ló ní agbára nínú ẹ̀ṣẹ́, àgbọ̀n ta ni kò gba ẹ̀ṣẹ́, ta ló máa ń rẹ̀ bí ìjà bá ti kọjá ìdajì. Ẹ̀kẹta, ráúǹdì gan-an, oríire ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ráúǹdì kan, ìṣẹ́jú kan ni ìsinmi àárín. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá balẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí agogo lù, ráúǹdì 6 ló máa jẹ́. Bí agogo bá gba ẹni yẹn sílẹ̀, tó sì ṣubú ní kété tí wọ́n padà dìde, ó ti di 7. Kò sí ìmọ̀ tó lè fi ìyàtọ̀ sáàrin méjèèjì. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń kó ráúǹdì pọ̀: 1 sí 3, 4 sí 6, 7 sí 9, 10 sí 12. Ẹni tó ní 7, tí ìjà wá parí ní 8, kò yẹ kó jókòó pọ̀ mọ́ ẹni tó ní 1.

Irú ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣeé fi wé èsì kankan. “Bó bá lè sún mọ́ ọn, ó lè yà wá lẹ́nu.” Bí ẹni yẹn bá borí, a ti sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá fìdí rẹmi, kò sún mọ́ ọn ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ní “ó lè” tí kò sì ní nọ́ḿbà lẹ́yìn, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé yín rárá. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀.

Kí ni a ń pè ní èsì?

Apá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá rèé, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣìṣe. Wọ́n rò pé èsì kan ṣoṣo ló wà: lágbájá borí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀, lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ.

KO ni pé akànṣẹ́ ṣubú, rẹfirí kà dé mẹ́wàá, kò lè dìde. TKO ni pé rẹfirí dá ìjà dúró torí ẹni náà ò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́, tàbí dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú, tàbí àwọn ara igun rẹ̀ ju táwẹ̀lì. RTD ni ti ẹni tó jókòó sórí àga láàrin ráúǹdì méjì tí kò jáde mọ́. DQ ni kí rẹfirí lé èèyàn kúrò nínú ìjà nítorí ẹ̀ṣẹ̀, bíi kó máa kan ẹlòmíì nísàlẹ̀ ìgbànú léraléra. Bí agogo ìkẹyìn bá lù tí àwọn méjèèjì ṣì wà lórí ẹsẹ̀, adájọ́ mẹ́ta ló kù: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mú ẹnì kan náà, UD ni; bí méjì bá mú ọ̀kan tí ẹnì kẹta sì mú èkejì, SD; bí méjì bá mú ọ̀kan tí ẹnì kẹta ní wọ́n dọ́gba, MD. Bí kò bá sí ẹni tí adájọ́ méjì mú, ọ̀mì ni.

Ẹni tó sọ “KO”, tí èsì wá jẹ́ TKO tàbí RTD, ṣé ó gbà á? Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni, torí ohun tó ń sọ ni pé ìjà ò ní dé ọwọ́ adájọ́. Inú àpótí kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. DQ ni kí ẹ ka òfin wọn kí ẹ tó fọkàn sí i.

RTD tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Liston ò jáde fún ráúǹdì 7. Ráúǹdì wo ni ìjà parí? Àwọn ìwé kan kọ 6, àwọn mìíràn kọ 7. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ máa ń ka èyí tí wọ́n jà tán kẹ́yìn, ìyẹn 6. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín, kí ẹ má ṣe yí i padà nígbà tó bá ṣe yín láǹfààní.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ orí kíkàn. Bí orí bá kan orí láìmọ̀ọ́mọ̀, tí ojú ẹnì kan sì ya débi pé ìjà ò lè tẹ̀ síwájú, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí ìjà dé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí wọn ò bá tíì parí ráúǹdì 4, ìjà di “no contest”, bí ẹni pé wọn ò jà. Bí wọ́n bá ti parí 4, káàdì tí àwọn adájọ́ ń kọ pọ́ìntì sí ni wọ́n máa ṣí. Irú ìjà àkọ́kọ́ yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ẹ má kọ ọ́ sí “ó ṣẹ”, ẹ má sì kọ ọ́ sí “kò ṣẹ”.

Èsì sì tún máa ń yí lẹ́yìn oṣù. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2024, Ryan Garcia lu Devin Haney ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn adájọ́ sì dá a láre: 112-112, 114-110, 115-109. Àwọn díẹ̀ tó mú Garcia ṣáájú ìjà ń yan. Ní oṣù kẹfà, nítorí oògùn tí òfin kà léèwọ̀ tí wọ́n bá nínú ara Garcia, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ New York pa èsì náà rẹ́, ó di “no contest”. Ilé tẹ́tẹ́ sábà máa ń sanwó lórí ohun tí wọ́n kéde lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kì í sì í padà gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé àkọsílẹ̀ ń kọ nǹkan mìíràn. Ìyẹn ni pé “èsì” méjì ló wà fún ìjà kan, ọ̀kan tòru ọjọ́ ìjà, ọ̀kan tòní. Ẹni tó bá fẹ́ dán ojú tó fi ń wo ìjà wò, tòru ni kó lò.

Ohun tí káàdì ń sọ

Lórí káàdì, ẹni tó bá gba ráúǹdì máa ń ní pọ́ìntì 10, èkejì á ní 9. Bí ẹni tó pàdánù ráúǹdì bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó di 10-8, lẹ́ẹ̀mejì, 10-7. Nínú ìjà ráúǹdì 12 tí ẹnikẹ́ni ò ṣubú, tí rẹfirí ò sì yọ pọ́ìntì, 115-113 túmọ̀ sí ráúǹdì 7 sí 5, 116-112 jẹ́ 8 sí 4, 118-110 jẹ́ 10 sí 2. Ẹni tó bá mọ èyí lè ka káàdì bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Ẹ wá wo ìjà àkọ́kọ́ láàrin Deontay Wilder àti Tyson Fury, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2018. Fury ṣubú ní ráúǹdì 9 àti 12. Èsì: ọ̀mì. Adájọ́ kan kọ 115-111 fún Wilder, èkejì kọ 114-112 fún Fury, ẹ̀kẹta kọ 113-113. Ẹ jẹ́ ká tú káàdì ẹ̀kẹta yẹn palẹ̀. Bí Fury bá gba ráúǹdì 7, ìyẹn 70. Nínú márùn-ún tó kù, ó ṣubú nínú méjì, ìyẹn 8 àti 8. Mẹ́ta yòókù jẹ́ 9, 9, 9. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 113. Wilder ní 9 lọ́nà méje, 63, àti 10 lọ́nà márùn-ún, 50: 113. Adájọ́ tó ní wọ́n dọ́gba gbà pé ráúǹdì 7 ni Fury gbà! Bí ẹ bá fi ọ̀nà kan náà tú méjì yòókù, ẹ máa rí i pé Fury gba 8 lórí ọ̀kan, 5 péré lórí èkejì.

Nítorí náà ẹni tó sọ ṣáájú pé “Fury máa gba ráúǹdì tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ Wilder máa bà á”, ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ẹni tó sọ pé “Fury máa borí”, kò gbà á. “Kò ṣẹ” ni kí ẹ kọ fún ẹni kejì yìí, kódà bí ẹ̀yin fúnra yín bá rò pé wọ́n rẹ́ Fury jẹ. Ohun tí mo máa ń dá lámọ̀ràn ni òpó mẹ́ta nínú ìwé: èsì tí wọ́n kéde, ohun tí káàdì sọ, àti ohun tí ojú yín rí. Ẹ lè bínú nínú òpó kẹta bó ti wù yín. Òpó àkọ́kọ́ nìkan lẹ fi ń ka máàkì.

Káàdì kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí Gennady Golovkin àti Canelo Alvarez kọ́kọ́ pàdé ní Las Vegas ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, adájọ́ kan fún Golovkin ní 115-113, èkejì kọ 114-114, ẹ̀kẹta kọ 118-110 fún Canelo. Ráúǹdì 10 sí 2, nínú ìjà tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ríìngì rí i pé ẹnì kejì ló gba 7! Ó di ọ̀mì. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fi ìmọ̀ ẹ̀ṣẹ́ sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ìjà tó bá súnmọ́ra, apá kan nínú àsọtẹ́lẹ̀ yín jẹ́ nípa àwọn èèyàn mẹ́ta tí kò wọ ìbọ̀wọ́, ó sì yẹ kí nọ́ḿbà yín fi àyè sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti nǹkan kékeré tó ń yí ìjà ńlá padà, nígbà tí Oleksandr Usyk na Fury ní Riyadh ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ méjì tó mú Usyk kọ 114-113. Ẹ tú u: ráúǹdì 6 sí 6. Ṣíṣubú tí Fury ṣubú ní ráúǹdì 9 ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà lórí káàdì yẹn.

Ọ́ọ̀dì, àti bí a ṣe ń yọ nọ́ḿbà jáde nínú rẹ̀

Àsọtẹ́lẹ̀ tó bá dára máa ń ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe “A máa borí”, bí kò ṣe “A, 70%”. Ọ́ọ̀dì ilé tẹ́tẹ́, ìyẹn iye tí wọ́n máa san padà lórí náírà kọ̀ọ̀kan bí tẹ́tẹ́ bá jẹ, ti ní irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ nínú, ó kàn fi ara pamọ́ ni. Ẹ fi ọ́ọ̀dì pín 100. Bí A bá jẹ́ 1.30, 100 pín sí 1.30 jẹ́ 76.9%. Bí B bá jẹ́ 4.00, 25%. Bí ọ̀mì bá jẹ́ 21.00, 4.8%. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 106.7%. Èyí tó lé lórí 100 yẹn ni èrè onítẹ́tẹ́. Kí nọ́ḿbà tó lè jẹ́ òótọ́, ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 106.7, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 100: A jẹ́ 72.1%, B jẹ́ 23.4%, ọ̀mì jẹ́ 4.5%. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n á wá máa sọ pé ilé tẹ́tẹ́ fún A ní 77%, wọn ò mọ̀ pé èrè onítẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ọ́ọ̀dì Amẹ́ríkà máa ń ní àmì ìyọkúrò tàbí àròpọ̀. −400 ni pé ẹ máa fi 400 lélẹ̀ kí ẹ tó jẹ èrè 100: 400 nínú 500, 80%. +300 ni pé ẹ fi 100 lélẹ̀ láti jẹ èrè 300: 100 nínú 400, 25%. Èyí tí wọ́n ń kọ bíi 42-1, ẹ fi 1 kún 42, kí ẹ fi èyí pín 100: 2.3%.

42-1 yẹn kì í ṣe àfiṣàpẹẹrẹ lásán. Òun ni ilé tẹ́tẹ́ Mirage ní Las Vegas fún Buster Douglas kó tó kọjú sí Mike Tyson ní Tokyo, ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1990. Douglas ló lu Tyson KO ní ráúǹdì 10. Títí dòní, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ bí iṣẹ́ ìyanu tó dójú ti gbogbo àsọtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n 2.3% ò túmọ̀ sí “kò lè ṣẹlẹ̀”. Ó túmọ̀ sí pé bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá pé nǹkan bí 43, ọ̀kan á yí padà báyìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí wọn ò kà kún yìí ò borí láéláé, ìgbà yẹn gan-an ni ọ́ọ̀dì ọ̀hún ì bá burú. Ohun tí ìjà kan ṣoṣo lè sọ fún wa nípa nọ́ḿbà náà kéré púpọ̀.

Ẹni tó ní 0% nìkan ni ìjà kan lè já nírọ́. Nínú àwọn oníròyìn 46 tí wọ́n bi léèrè kí Clay tó ko Liston, 43 ló mú Liston. A ò mọ iye nínú wọn tó ní “ó dá mi lójú pátápátá” àti iye tó ní “mo rò bẹ́ẹ̀”, torí orúkọ nìkan ni wọ́n gbà lẹ́nu wọn. Gbogbo 43 ti wá di ìkan náà, ọlọgbọ́n wọn àti aṣeéṣì wọn.

Máàkì

Ọ̀nà ìṣirò kan wà tí Glenn Brier, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, gbé jáde ní ọdún 1950. Ó rọrùn. Ẹ bi ìbéèrè tó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá: ṣé A máa borí? Ẹ kọ ìdá yín bíi 0.70. Lẹ́yìn ìjà, bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ 1, rárá jẹ́ 0. Ọ̀mì náà jẹ́ rárá, torí A ò borí. Ẹ wá ìyàtọ̀ tó wà láàrin nọ́ḿbà yín àti èsì, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. 0.70 tí A sì borí: ìyàtọ̀ jẹ́ 0.30, máàkì jẹ́ 0.09. 0.70 tí A fìdí rẹmi: 0.49. Máàkì tó bá kéré ló dára. Ẹni tó bá ń sọ 0.50 lójoojúmọ́ á máa gba 0.25 títí láé.

Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ìjà mẹ́wàá, ẹni tí gbogbo ayé fọkàn sí borí nínú méje. Ẹnì kan ti fún wọn ní 95% níbi gbogbo, èkejì fún wọn ní 70%. Lójú ẹni tó ń ka “ó ṣẹ, kò ṣẹ”, méje nínú mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì gbà, wọ́n dọ́gba. Nínú ìṣirò Brier, ti àkọ́kọ́: méje lọ́nà 0.0025, mẹ́ta lọ́nà 0.9025, àpapọ̀ 2.725, pín in sí mẹ́wàá, 0.27. Ti èkejì: méje lọ́nà 0.09, mẹ́ta lọ́nà 0.49, àpapọ̀ 2.10, pín in, 0.21. Ẹni tó ń pariwo 95% ti burú ju ẹni tó ń sọ 0.50 lójoojúmọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ méje ló gbà! Ìdánilójú tí kò ní ìdí lẹ́yìn ló jẹ ẹ́ níyà.

Ẹ tún lè fi ọ̀nà yìí ka bí ìjà ṣe máa parí. Ẹ pín 100 sí àpótí márùn-ún: A láì dé ọwọ́ adájọ́, 35; A lọ́wọ́ adájọ́, 30; ọ̀mì, 3; B lọ́wọ́ adájọ́, 17; B láì dé ọwọ́ adájọ́, 15. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 géérégé. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ó jẹ́ 105 láìfura. Bí A bá borí lọ́wọ́ adájọ́, ẹ ṣírò àpótí kọ̀ọ̀kan bí ti òkè yẹn, kí ẹ ro wọ́n pọ̀: 0.66. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tó fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní 20, á gba 0.80. Ẹ ti fi díẹ̀ sàn jù ú lọ.

Máàkì tí kò sí ohun tí ẹ fi ń wé e ò wúlò. Nínú ẹ̀ṣẹ́, àwọn tó ń ṣètò ìjà sábà máa ń wá ẹni tí ọ̀gá tiwọn máa nà, nítorí náà ẹni tó bá kàn ń mú ẹni tí ọ́ọ̀dì mú á máa gbà á ṣáá. Ẹnì kan tó ní òun gba 9 nínú 10, ẹ bi í pé mélòó ni ọ́ọ̀dì gbà nínú mẹ́wàá kan náà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ 9, kò tíì sọ ohunkóhun fún wa.

Ọjọ́ wo ni wọ́n sọ ọ́?

Àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ní ọjọ́ àti wákàtí, ẹ jù ú nù. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni wọ́n máa ń wọn ara, ìròyìn ńlá sì máa ń wà lórí òṣùwọ̀n yẹn. Kó tó kojú Haney, Garcia fi 3.2 pọ́ùn lé sí 140 tí wọ́n fàyè gbà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú ìyẹn àti ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ìjà kan náà ni wọ́n ń wò. Nígbà tí Anthony Joshua àti Andy Ruiz tún pàdé ní Saudi Arabia ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Ruiz ti ju 280 pọ́ùn lọ, bẹ́ẹ̀ 268 ni nígbà tó na Joshua ní oṣù kẹfà; Joshua ní tirẹ̀ fúyẹ́ ní nǹkan bíi pọ́ùn mẹ́wàá. Joshua fi ẹsẹ̀ jà, ó borí lọ́wọ́ adájọ́: 118-110 lẹ́ẹ̀mejì àti 119-109.

Ìjà àkọ́kọ́ wọn tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Jarrell Miller ni Joshua fẹ́ bá jà. Oògùn ló yọ Miller kúrò, Ruiz wá rọ́pò rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan sí ìjà. Gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ “Joshua máa borí” tí wọ́n ti ṣe fún ti Miller ti kú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má gbé e wọ orí Ruiz.

Ẹ máa kọ ìdí méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ḿbà yín, kí ẹ máàkì ìdí lọ́tọ̀. Ẹni tó mú Joshua lálẹ́ ọjọ́ yẹn torí “ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wúwo”, ìdí rẹ̀ ò ṣubú pátápátá: Joshua ló kọ́kọ́ lu Ruiz ṣubú ní ráúǹdì 3. Ohun tí kò rí ni pé Ruiz máa dìde, pé ọwọ́ rẹ̀ á yá ju ti Joshua lọ níbi tí wọ́n ti súnmọ́ra. Ráúǹdì 3 kan náà ni Joshua ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní ráúǹdì 7, rẹfirí sì dá a dúró. Ẹni tí kò kọ ìdí sílẹ̀, lọ́jọ́ kejì á ti gbàgbé, á ní òun ti fura sí ọwọ́ Ruiz látilẹ̀. Irọ́ tí kò mọ̀ pé òun ń pa ni.

Lennox Lewis náà ń kọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ó dé South Africa nígbà tí ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Hasim Rahman ò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́, ní ibi tó ga ju 1,500 mítà lọ sókè òkun, tí èémí ti ń yára tán lára àlejò. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Rahman gbé e sùn ní ráúǹdì 5. Ní oṣù kọkànlá, Lewis gbẹ̀san ní ráúǹdì 4. Ẹni tó gbé nọ́ḿbà Rahman lọ sókè púpọ̀ fún ìjà kejì nítorí àkọ́kọ́ ti ka ìjà kan bí ẹni pé mẹ́wàá ni.

Ìjà mélòó ló tó?

Ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kó gbogbo ìjà tí ẹ fún ní nǹkan bí 70% sójú kan. Bí 70% yín bá jẹ́ 70% òótọ́, nínú 20, a ń retí 14, ṣùgbọ́n láti 10 dé 18 ṣì wà nínú ohun tí oríire nìkan lè fà. Nínú 100, ó sún mọ́ra: láti 61 dé 79. Ẹni tó bá gba 65 nínú 100 àti ẹni tó bá gba 74, ẹ ò tíì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹnì kan dára ju èkejì lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi èèyàn méjì wéra, ìjà kan náà ni kí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lé lórí, gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tó jà. Ẹni tó ń yan èyí tó rọrùn ò ní fojú kan èyí tó le, ẹni tó sì ń pa èyí tí kò ṣẹ rẹ́ ò ní jẹ́ kí ẹ rí i rárá. Ẹ fi ọ́ọ̀dì ìkẹyìn kí agogo àkọ́kọ́ tó lù ṣe ẹnì kẹta nínú ìdíje náà, kí ẹ yọ èrè onítẹ́tẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́.